Ìtàn Bí Ọ̀rọ̀ Inú Àdàkọ Ìkànnì Ayélujára Ṣe Di Èyí Tí A Lè Túmọ̀

Irú ọ̀rọ̀ méjì ni à ń rí lójú ìkànnì ayélujára. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tí oníkànnì fúnra rẹ̀ kọ: ìròyìn, ewì, ẹ̀kọ́ tàbí ìpolówó ọjà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lójú ewé náà kí oníkànnì tó kọ ohunkóhun sí i: èyí tí ó ní kí a wá nǹkan, èyí tí ó ní kí a tẹ̀ síwájú, èyí tí ó ń sọ ẹni tí ó kọ ìwé àti ọjọ́ tí ó kọ ọ́, àti èyí tí ó ń tọrọ àforíjì pé ohun tí a ń wá kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ inú àdàkọ. Ó dà bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí olùkọ́ ń lò nílé ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ tó fi kálámù kàn án, a ti tẹ ‘Orúkọ’, ‘Ọjọ́ orí’ àti ‘Kíláàsì’ sórí rẹ̀. Ẹni tí ó tẹ ìwé náà ni ó yan èdè rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò kọ nǹkan sí i.

Bí ènìyàn bá fi ojúlówó Yorùbá kọ ọgọ́rùn-ún ìwé sórí ìkànnì rẹ̀, tí àdàkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni ó dà bí onílé tí ó gba àlejò, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ń kí wọn káàbọ̀. Ọmọ tí ó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ fún un, pé Yorùbá wà fún ìtàn àti ewì, ṣùgbọ́n pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń pàṣẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àdàkọ, bí ó tilẹ̀ kéré lójú, fi yẹ ní ohun tí àwa tí ń kọ́ èdè Yorùbá níláti gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọwọ́ ògbufọ̀ nìkan ni iṣẹ́ ìtumọ̀ wà. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí yóò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ àdàkọ ni ìtumọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ti ilẹ̀kùn, bí ó ti wù kí ògbufọ̀ gbọ́n tó, kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ìtàn náà yóò sì tún fi hàn pé ìgbà tí èdè kan bá kọ̀ láti wọ ẹ̀wù tí a dá fún Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà tó máa ń tún ẹ̀wù náà rán.

1. Ìgbà tí Ọ̀rọ̀ àti Àṣẹ Wà Nínú Ìkòkò Kan

Ní ọdún 1963 ni a fi ọwọ́ sí ètò àmì kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí a ń pè ní ASCII, kí àwọn ẹ̀rọ oríṣiríṣi lè máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àmì ìkọ̀wé àti àṣẹ fún ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ jókòó sínú àwọn àyè náà. Àní, lẹ́tà kékeré pàápàá kò rí ìjókòó títí di ìgbà tí a tún un ṣe ní ọdún 1967. Ẹ, Ọ àti Ṣ kò ní ibùjókòó níbẹ̀ rárá. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni a sì kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó tẹ̀lé e lé.

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà a máa kọ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò kà mọ́ àárín àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé. Bí a bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà sí Faransé tàbí sí èdè Jámánì, a níláti wọ inú ètò náà lọ, kí a máa ṣa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láàrin àṣẹ bí ẹni tí ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kí a pa á dà, kí a sì tún ètò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì pa àmì kan rẹ́, ètò náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tí ó tún burú jù ni pé, bí ẹni tí ó ni ètò bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, gbogbo làálàá ògbufọ̀ ti di asán nìyẹn, nítorí pé inú ẹ̀dà àtijọ́ ni ó ṣe é sí.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde ní ọdún 1984, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé kí àkọlé àti ọ̀rọ̀ tí ń hàn lójú ẹ̀rọ wà ní ààyè tiwọn nínú fáìlì, níbi tí a ti lè ṣí wọn kí a sì túmọ̀ wọn láìfi ọwọ́ kan àṣẹ. Ohun kékeré ni ó dà bí, ṣùgbọ́n òun ni ìyàtọ̀ láàrin ilé tí a kọ́ fèrèsé sí àti ilé tí a níláti wó ògiri rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọlé.

2. Nípa Nọ́ńbà àti Nípa Orúkọ

Lẹ́yìn tí a ti gbà pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, ìbéèrè kejì dìde: báwo ni ètò yóò ṣe máa pe ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó? Láàrin àwọn tí ń lo ẹ̀rọ Unix, ọ̀nà méjì ni a là. Èkíní ni catgets, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní X/Open fi ọwọ́ sí ní ìparí àwọn ọdún 1980. Nínú ọ̀nà yìí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ètò a máa wí pé, ‘Ẹ mú gbólóhùn kẹtàdínlógún wá,’ a ó sì mú un wá láti inú ìwé èdè tí òǹlò yàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣètò kò rọrùn mọ́. Bí ó bá ń ka ètò tirẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni yóò máa rí. Bí nọ́ńbà bá sì dàrú, gbólóhùn ìkíni lè jáde níbi tí ó yẹ kí ìkìlọ̀ ti jáde.

Ọ̀nà kejì ni gettext, èyí tí ilé iṣẹ́ Sun Microsystems lò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ulrich Drepper ni ó kọ irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ GNU, a sì gbé e jáde fún tẹrú-tọmọ ní ọdún 1995. Ọ̀nà yìí kò lo nọ́ńbà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni orúkọ tí a fi ń pè é. Aṣètò yóò kọ gbólóhùn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, yóò wulẹ̀ fi àmì kékeré kan sí i pé, ‘Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè túmọ̀.’ Irinṣẹ́ kan yóò wá la gbogbo ètò já, yóò ṣa àwọn gbólóhùn tí ó ní àmì, yóò sì tò wọ́n sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pot. Fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì ni ó wà níbẹ̀: ìlà kan gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìlà kejì ṣófo, ó ń dúró de ògbufọ̀. Ògbufọ̀ yóò kọ tirẹ̀ sínú ẹ̀dà tí ó parí sí .po, a ó sì sọ ìyẹn di .mo, èyí tí ẹ̀rọ lè kà kíákíá. Láti ọjọ́ náà, olùkọ́ èdè tí kò mọ àṣẹ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè túmọ̀ odindi ètò.

Àǹfààní ńlá kan wà nínú gettext, àbùkù rẹ̀ sì wà nínú àǹfààní náà. Bí ìlà kejì bá ṣófo, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò jáde. Nítorí náà, ètò kì í dúró nítorí pé ìtumọ̀ kò tíì pé. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ohun tí ó dúró, kò sí ẹni tí ó ń pariwo, ìtumọ̀ tí a ṣe dé ìdajì a sì máa wà ní ìdajì fún ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ ni irú ojú ewé tí a mọ̀ dáadáa ti wá, èyí tí ìlà kan jẹ́ Yorùbá, tí ìlà méjì sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

3. Àdàkọ Dé Orí Ayélujára

Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN nítòsí ìlú Geneva, kọ ìwé àbá tí ó bí ayélujára bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń kọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ ojú ewé Yorùbá lè fi Yorùbá kọ gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1997 ni a tẹ ìlànà kan jáde lórí bí èdè HTML yóò ṣe gba gbogbo èdè ayé, nígbà tí ọdún náà sì fi ń parí lọ, HTML 4.0 gbà á wọlé. Láti ìgbà náà ni ojú ewé ti lè sọ èdè tí a fi kọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Lẹ́tà méjì tí ó dúró fún tiwa ni yo. Ojú ewé sì tún lè sọ apá ibi tí a ti ń kà á bọ̀, nítorí àwọn Lárúbáwá àti àwọn Hébérù tí wọ́n ń kàwé láti ọ̀tún sí òsì.

Nígbà tí ìkànnì pọ̀ sí i, kò ṣeé ṣe mọ́ láti máa fi ọwọ́ kọ ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò ni ó wá ń to ojú ewé: ó ń mú ọ̀rọ̀ oníkànnì láti inú àká, ó ń gbé e sínú àdàkọ. Nígbà yìí ni ìṣòro àtijọ́ tún yọjú, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ àdàkọ ti da ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ àṣẹ bí ti ayé àtijọ́.

Ìtàn WordPress yóò là wá lóye. Ní ọdún 2003 ni Matt Mullenweg, ará Amẹ́ríkà, àti Mike Little, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ara ètò kan tí a ń pè ní b2, èyí tí Michel Valdrighi kọ. Ẹ̀dà 1.2 tí ó jáde ní ọdún 2004 gba ọ̀nà gettext wọlé. Nínú ẹ̀dà 1.5 ti ọdún 2005 ni a fi àyè sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè ṣe àdàkọ tirẹ̀ kí ó sì fún ẹlòmíràn lò. Láti ìgbà náà lọ, kò tó mọ́ kí ètò ńlá nìkan ṣeé túmọ̀; gbogbo aládàkọ níláti ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó níláti ṣe kò pọ̀: kí ó fi àmì sí gbogbo gbólóhùn tí ènìyàn yóò kà, kí ó sì fún àdàkọ rẹ̀ ní orúkọ ìdámọ̀ tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má baà dàpọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ inú àdàkọ ẹlòmíràn. Síbẹ̀ ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ṣe é tàbí kí ó má ṣe é. Nígbà tí ó fi di ọdún 2014, nínú ẹ̀dà 4.0, yíyan èdè ni ohun àkọ́kọ́ tí ètò náà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé e sórí ẹ̀rọ.

4. Gbólóhùn tí A Gé Wẹ́lẹwẹ̀lẹ

Bí a bá ti fi àmì sí ọ̀rọ̀, ṣé iṣẹ́ parí nìyẹn? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a mú ìlà kan tí ó wọ́pọ̀ lábẹ́ àkọlé ìwé lórí ìkànnì, èyí tí ń sọ ẹni tí ó kọ ìwé, ọjọ́ tí ó kọ ọ́ àti ẹ̀ka tí ó wà. Aṣètò tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ronú a máa gé e sí wẹ́wẹ́: ‘láti ọwọ́’, kí orúkọ tẹ̀lé e, ‘ní’, kí ọjọ́ tẹ̀lé e, ‘nínú’, kí ẹ̀ka tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta ni ó gbé fún ògbufọ̀. Ètò gbólóhùn ni ó tì mọ́ inú àṣẹ. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti ń jáde lẹ́nu wa, pé ‘Adé ni ó kọ ọ́ ní ọjọ́ báyìí’, kò sí bí ògbufọ̀ yóò ṣe gbé orúkọ síwájú, nítorí pé orúkọ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ará Japan, tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ níláti kẹ́yìn gbólóhùn, yóò jìyà ju tiwa lọ.

Irú àṣìṣe kan náà ni ti aṣètò tí ó ya ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ‘tuntun’ sọ́tọ̀, tí ó sì ń so ó mọ́ iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ yòówù tí ó bá fẹ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tọ̀nà. Ní Yorùbá, ‘tuntun ìwé’ ni yóò jáde, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni kí a fi odindi gbólóhùn sílẹ̀ fún ògbufọ̀, kí a sì fi àlàfo tí ó ní nọ́ńbà sí ibi tí orúkọ, ọjọ́ àti ẹ̀ka yóò wà. Nígbà náà, ògbufọ̀ lè kọ ọ́ pé: ‘[1] ni ó kọ ọ́ ní [2], lábẹ́ ẹ̀ka [3]’, tàbí kí ó pa ipò wọn dà bí èdè rẹ̀ bá ti fẹ́. Ìlànà tí ń to ọjọ́ pàápàá yẹ kí ó jẹ́ gbólóhùn tí a lè túmọ̀, nítorí pé ará Amẹ́ríkà a máa fi oṣù ṣíwájú ọjọ́, Yorùbá a sì máa fi ọjọ́ ṣíwájú oṣù. WordPress ti ṣe èyí pẹ̀lú.

5. Ẹyọ àti Ọ̀pọ̀

Níbi ọ̀rọ̀ iye ni ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì ti fàya jù. Irú méjì ni Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ẹyọ àti ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ aṣètò sì rí ọ̀nà àbùjá: wọ́n ń fi lẹ́tà kan kún ìdí ọ̀rọ̀ nígbà tí iye bá ti ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Faransé ka òdo mọ́ ẹyọ, Gẹ̀ẹ́sì sì kà á mọ́ ọ̀pọ̀. Èdè Rọ́ṣíà ní ìrísí mẹ́ta: 1, 21 àti 31 ń rìn pọ̀, 2, 3 àti 4 ń rìn pọ̀, láti 5 dé 20 sì ní tiwọn. Ti èdè Lárúbáwá jẹ́ mẹ́fà. Ti Japan jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ní àyíká ọdún 2000 ni a fi àtúnṣe kún gettext. Dípò kí aṣètò pinnu, orí fáìlì èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò máa sọ iye ìrísí tí èdè náà ní àti ìṣirò tí ó ń yàn láàrin wọn. Nínú Àká CLDR ti ẹgbẹ́ Unicode, níbi tí a ń kó òfin irú bẹ́ẹ̀ jọ fún àwọn èdè ayé, ìrísí kan ṣoṣo ni a kọ fún Yorùbá. Ó sì tọ̀nà, nítorí pé ‘ìwé kan’, ‘ìwé méjì’, ‘ìwé mẹ́wàá’ ni à ń wí. ‘Ìwé’ kò yí padà.

Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ni ní gírámà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ògbufọ̀ kan ka ‘àwọn’ sí lẹ́tà ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a sì kọ ‘àwọn èsì 5’ níbi tí ‘èsì 5’ ti tó. ‘Àwọn ọmọ mẹ́ta’ ní ìtumọ̀ tirẹ̀: àwọn mẹ́ta kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Lọ́nà kejì, ipò òǹkà máa ń yí padà. ‘Ìwé mọ́kàndínlógún’ ni à ń wí, ‘ìwé mọ́kànlélógún’ ni à ń wí, ṣùgbọ́n ‘ogún ìwé’, ‘ọgbọ̀n ìwé’ àti ‘igba ìwé’ ni. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kọ iye, ìrísí kan kò tó fún Yorùbá mọ́, nítorí pé àlàfo níláti fò láti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ sí iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà ni ó ń gbà wá sílẹ̀, nítorí pé ‘ìwé 20’ kò di ojú ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kọ iye, bí inú ètò tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú, iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fún onímọ̀ Yorùbá.

6. Akọ, Abo, Ọ̀wọ̀ àti Àyíká Ọ̀rọ̀

Ní ọdún 2008, Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí ń lò ó láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé, ní ọ̀pọ̀ èdè, ènìyàn kò lè sọ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ àwòrán rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Níbi tí ọ̀ràn ti di gbígbóná fún wọn, Yorùbá jókòó pẹ̀sẹ̀, nítorí pé ‘ó’ àti ‘rẹ̀’ kò béèrè akọ tàbí abo.

Ohun tí Yorùbá ń béèrè ni ọ̀wọ̀. Àdàkọ ń bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀: ṣé yóò wí pé ‘Kọ orúkọ rẹ’ ni, tàbí ‘Ẹ kọ orúkọ yín’? Gẹ̀ẹ́sì kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí náà àlàfo kò sí fún un nínú fáìlì. Àwọn ará Jámánì ní irú ìṣòro yìí, wọ́n sì ṣe ìtumọ̀ WordPress ní oríṣi méjì, ọ̀kan fún ojúgbà, ọ̀kan fún ẹni ọ̀wọ̀. Ní tèmi, bí kò bá sí agbára láti ṣe méjì, ‘ẹ’ ni kí a máa lò. Ọmọdé tí a bá fi ‘ẹ’ bá sọ̀rọ̀ kò pàdánù ohunkóhun. Àgbàlagbà tí ẹ̀rọ bá fi ‘o’ bá sọ̀rọ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ kò ronú kan òun. Èyí tí kò dára rárá ni kí ìlà kan jẹ́ ‘o’ kí ìlà kejì sì jẹ́ ‘ẹ’.

Ìṣòro mìíràn ni ti ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì tún ń ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe láìyí ìrísí padà. Ògbufọ̀ tí ó bá rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóun nìkan nínú fáìlì kò ní mọ̀ bóyá ‘Èrò’ ni kí òun kọ tàbí ‘Ẹ sọ èrò yín’. Ní ọdún 2006 ni gettext fi ìlà kan kún un níbi tí aṣètò ti lè ṣàlàyé àyíká ọ̀rọ̀. Àwọn tí ń ṣe MediaWiki, ètò tí ó gbé Wikipedia ró, tún lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dá èdè àfarawé kan sílẹ̀ tí àmì rẹ̀ jẹ́ qqq. Kò sí ẹni tí ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ni aṣètò ti ń ṣàlàyé fún ògbufọ̀ ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan yóò ti hàn àti ohun tí yóò wọ inú àlàfo rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

7. Lẹ́tà àti Ààlà Ilẹ̀

Gbogbo èyí kò ní wúlò bí lẹ́tà wa kò bá lè hàn. Ṣáájú Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ kìíní jáde ní ọdún 1991, àwọn tí ń tẹ Yorùbá a máa ṣe fọ́ńtì tiwọn, nínú èyí tí wọ́n ti ń fi ọ tàbí ṣ jókòó sí àyè àmì mìíràn. Bí ìwé náà bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ńtì yẹn, wótòwótò ni yóò dà. Unicode fún ẹ àti ọ ní àyè láàrin àwọn lẹ́tà tí a yà sọ́tọ̀ fún èdè Vietnam, tí òun náà ń lo àmì ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní àyè kan ṣoṣo. Àmì méjì ni a ń tò pọ̀. Nítorí náà, àdàkọ tí ó bá há ìlà mọ́ ara wọn jù yóò máa gé àmì orí lẹ́tà wa kúrò. Ẹni tí ó rántí ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé ìjàkadì fún àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ ti pẹ́.

Ààlà ilẹ̀ tún dá sí i. Ní ilẹ̀ Benin, ɛ, ɔ àti sh ni ìlànà ìjọba fi ń kọ ohun tí àwa ń fi ẹ, ọ àti ṣ kọ. Nínú Àká CLDR, Yorùbá ní ìwé méjì nítorí èyí: ọ̀kan fún Nàìjíríà, ọ̀kan fún Benin. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ti ìhín ni oṣù Shɛ́rɛ́ ti ọ̀hún. Ohùn kan náà ni, ẹ̀wù lẹ́tà ni ó yàtọ̀.

8. Iṣẹ́ tí Ó Wà Níwájú Wa

A kò jókòó lásán láti ìgbà yìí wá. Wikipedia Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, orí translatewiki.net, tí Niklas Laxström ará Finland dá sílẹ̀, sì ni a ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ètò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tí ń lò ó ti di ‘Oníṣe’, tí ìsọ̀rí ti di ‘Ẹ̀ka’, tí ọ̀rọ̀ ‘Àdàkọ’ tí a ń lò nínú àròkọ yìí sì ti rí iṣẹ́ tuntun. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2013, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Àwọn kan wá ń wí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ àdàkọ tán. Kò tán rárá. Ẹ̀rọ tí a gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún, láìsọ àyíká rẹ̀ fún un, kò mọ̀ ju ògbufọ̀ tí ó jókòó sínú òkùnkùn lọ. Gbólóhùn tí a ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ kò sì ní so pọ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ni ó túmọ̀ rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni ó kù tí ó wà ní ìkáwọ́ wa. Èkíní ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà má ṣe kọ àdàkọ tí a kò lè túmọ̀, ìbáà ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Èkejì ni pé kí a fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa ti fi ọ̀nà hàn nípa ìwé Èdè Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ rẹ̀ kìíní ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní ọdún 1990. Irú rẹ̀ ni a nílò fún ọ̀rọ̀ àdàkọ, kí ohun kan náà má baà máa jẹ́ orúkọ mẹ́ta lórí ìkànnì mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ni pé kí a máa kọ àmì ohùn sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré tí ó dá dúró ni ó nílò àmì jù. Nínú odindi gbólóhùn, òǹkàwé lè fòye mọ ‘oko’, ‘ọkọ’ àti ‘ọkọ̀’. Lórí bọ́tìnì, kò sí ohun tí yóò fi mọ̀ ọ́n bí kò ṣe àmì.

Ìtàn tí a ti sọ yìí jẹ́ ti àwọn èdè tí kò dákẹ́. Nítorí pé àwọn ará Rọ́ṣíà àti àwọn Lárúbáwá kò gbà kí a fi ìrísí méjì ka iye fún wọn ni àtúnṣe fi dé. Nítorí pé àwọn ará Jámánì kò gbà kí ẹ̀rọ máa pe àgbà bí ọmọdé ni ìtumọ̀ wọn fi di méjì. Bí ohun kan bá ń há Yorùbá lọ́rùn nínú àdàkọ, àwa tí a mọ èdè náà ni a níláti sọ ibi tí ó ti há a, kí a sì sọ ọ́ ní ìwọ̀n tí télọ̀ lè fi gé aṣọ.